Omi Inú Iké Ràkúnmí

"Ẹ wo ẹ̀yìn mi yìí dáadáa. Òun ni mo fi pọn bọ́ọ̀sì Ràkúnmí àkọ́kọ́ láti èbúté wọ ìlú yìí. Ọkọ̀ ojú omi tó gbé e wá kò rí ibi sọ̀ ọ́ sí, ni mo bá ní kí wọ́n wá aṣọ tó gùn fún mi, mo gbà á mọ́dìí, mo ń jó bọ̀. Ó sunkún dé ìdajì ọ̀nà kí oorun tó gbé e lọ."

Kòsírúmi ló ń sọ̀rọ̀ yìí, awakọ̀ bọ́ọ̀sì. Ìyá rẹ̀ sọ ọ́ lórúkọ gidi, ṣùgbọ́n ó ti pẹ́ tí orúkọ náà ti fẹ̀yìn tì. Inú káńtíìnì gáréèjì ló dúró sí, ife tíì wà lọ́wọ́ rẹ̀, àwọn òṣìṣẹ́ ẹgbẹ́ rẹ̀ yí i ká, wọ́n ń rẹ́rìn-ín débi pé èyí tó jókòó sídìí fèrèsé ti da tíì sínú bàtà ara rẹ̀, kò tiẹ̀ mọ̀. Irọ́ Kòsírúmi kì í ṣe irọ́ ọmọdé. Bí ó bá bẹ̀rẹ̀, ṣíbí inú ife á dìde dúró kó lè gbọ́ dáadáa, àga á gbàgbé pé òun lẹ́sẹ̀, á fẹ́ẹ́ jókòó.

Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ yìí, kì í ṣe ẹ̀rín ló ń wá. Sítíárì ọkọ̀ kan ló ń wá.

Ràkúnmí ni gbogbo ìlú ń pe oríṣi bọ́ọ̀sì kan tó ń lo gáàsì olómi dípò epo díísù. Orí òrùlé ni wọ́n to àwọn àgbá gáàsì rẹ̀ sí, wọ́n wá fi páànù bò wọ́n kó má baà rí jákujàku, ni bọ́ọ̀sì bá yọ iké gọngọ sókè. Ó ti ná ìgboro pẹ́ débi pé àwọn tó ń wọ̀ ọ́ lọ sí iléèwé nígbà náà, ọmọ-ọmọ ni wọ́n ń fà lọ́wọ́ wọ̀ ọ́ báyìí. Nígbà tó yá, bọ́ọ̀sì tó ń lo iná mànàmáná dé, ibi tí wọ́n ti ń rọ gáàsì ń tì lọ́kọ̀ọ̀kan, àwọn Ràkúnmí náà ń wọlé tí wọn kò jáde mọ́, títí ó fi ku ẹyọ kan ṣoṣo. Lọ́jọ́ Sátidé tó ń bọ̀, ẹyọ kan yìí máa kó àwọn àlejò yí ìlú ká fún ìgbà ìkẹyìn, lẹ́yìn náà wọn á gbé e kalẹ̀ síwájú gáréèjì, á di ìran tí ènìyàn ń dúró wò.

Ọ̀gá gáréèjì náà, obìnrin kan tó jẹ́ pé bó bá wúkọ́ lásán, ọkùnrin á sáré ki ẹ̀wù bọ ṣòkòtò, ti ṣe òfin tirẹ̀. Ó ní ẹni tó bá máa wa ọkọ̀ náà gbọ́dọ̀ lè gba màíkì, kó sọ ìtàn rẹ̀ fún àwọn àlejò kí wọ́n tó gbéra. Ẹni tó bá fẹ́, kó wá kọ́kọ́ sọ ọ́ ní káńtíìnì lójú gbogbo ayé. Ẹni tí ìtàn tirẹ̀ bá dùn jù, òun ni òun máa fún ní kọ́kọ́rọ́.

Ìyá Jẹ́jẹ́ ló ṣáájú Kòsírúmi sọ tirẹ̀. Àgbà obìnrin ni, Ràkúnmí ló sì ti ń wà látìgbà tó ti dé ẹnu iṣẹ́. Ó máa ń rọra wà á débi pé bí èrò bá gbé ẹyin tútù lé itan, ẹyin náà á sùn lọ. Ó sọ fún wọn pé nígbà kan rí, èéfín díísù ni ìlú ń mí símú, pé aṣọ tí ènìyàn sá ní funfun láàárọ̀, dúdú ni yóò ká a nírọ̀lẹ́. Ó ní ẹnjiníà àgbàlagbà kan ní ilé iṣẹ́ tí wọ́n ti ń kan bọ́ọ̀sì ló jókòó ti ẹ́ńjìnnì díísù kan, tó ń tú u tó ń tò ó, títí tí ẹ́ńjìnnì fi gbà láti máa jó gáàsì. Ó ní nígbà tí Ràkúnmí kọ́kọ́ jáde, ẹ̀rù ba àwọn èrò pé yóò bú gbàmù, kò sì sẹ́ni tó jẹ́ jókòó sí àárín, gbogbo wọn ló ń rọ́ sẹ́nu ilẹ̀kùn. Ó ní wọ́n máa ń fi òórùn burúkú sínú gáàsì kí ènìyàn lè mọ̀ bó bá ń jò, àti pé lọ́jọ́ tí ó jò díẹ̀, bàbá kan àti ìyá kan fẹ́rẹ̀ẹ́ wọ̀yá ìjà lórí ẹni tó dákẹ́ ṣe nǹkan nínú ọkọ̀. Ó ní àwọn alágbàfọ̀ ló kọ́kọ́ fẹ́ràn rẹ̀, nítorí aṣọ tí wọ́n sá sẹ́gbẹ̀ẹ́ títì tún wá ń funfun padà.

Òótọ́ pọ́ńbélé ni gbogbo rẹ̀. Ṣùgbọ́n ohùn ìyá náà rọ̀ jọ̀mì-jọ̀mì. Kó tó débi àwọn alágbàfọ̀, àwọn kan ti sùn, àwọn tó kù ń wá ibi tí wọ́n máa gbé orí lé.

Ìgbà náà ni Kòsírúmi bọ́ síta, tó pọn bọ́ọ̀sì láti èbúté.

Kí ẹ má baà rò pé ọkọ̀ nìkan ló wà lọ́kàn rẹ̀, ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tó gbé e débẹ̀. Ẹ̀gbọ́n ìyàwó rẹ̀ ni. Iṣẹ́ obìnrin yìí ni kó máa gé gíláàsì fèrèsé tà. Bó bá fi èékánná kan gíláàsì, yóò ti mọ̀ bóyá ó ti sán níbì kan, bó sì ṣe ń wo gíláàsì náà ló ń wo ènìyàn. Láti ọjọ́ ìgbéyàwó ló ti wo Kòsírúmi báyìí lẹ́ẹ̀kan, tó ní, "Ẹlẹ́nu." Látọjọ́ náà, Ẹlẹ́nu ló ń pè é lójú àna, lójú ọ̀rẹ́, lójú ẹni tó wá ka mítà iná. Lọ́sẹ̀ tó kọjá ló wá kí àbúrò rẹ̀ ní ilé, ni Kòsírúmi bá là á mọ́lẹ̀ fún un pé òun ni òun máa wa Ràkúnmí ìkẹyìn, pé bí kò bá sí òun, iléeṣẹ́ kò jẹ́ gbé e jáde. Obìnrin náà gbé ife rẹ̀ sílẹ̀. Ó ní bí òun bá fi ojú òun méjèèjì rí i lórí àga awakọ̀ Ràkúnmí, tí ọkọ̀ náà sì kúrò lójú kan, "àna mi àtàtà" ni òun yóò máa pè é títí ayé, òun yóò sì kọ́kọ́ pè é bẹ́ẹ̀ lójú gbogbo èrò.

Nígbà tí ẹ̀gbọ́n lọ tán, ìyàwó wo ọkọ rẹ̀, ó ní, "Olówó orí mi, ṣé ẹ tiẹ̀ ti wa nǹkan náà rí?"

Kòsírúmi ní ìbéèrè wo nìyẹn. Ó sì lọ wẹ̀.

Òótọ́ ọ̀rọ̀ ni pé kò wà á rí. Bọ́ọ̀sì díísù ló fi gbogbo ayé rẹ̀ wà. Nígbà tí wọ́n pe gbogbo awakọ̀ láti wá kọ́ nípa gáàsì olómi, ó lọ lóòótọ́, ó jókòó sẹ́yìn pátápátá, ó sì sùn débi pé àlá rẹ̀ pàápàá ń hanrun. Nígbà tó fi lajú, olùkọ́ ń ka ọ̀rọ̀ ìkẹyìn tán, ọ̀rọ̀ ìkẹyìn náà sì ni "olómi". Bó ṣe jáde síta, bọ́ọ̀sì tó yọ iké ló kọ́kọ́ rí, ó sì gbọ́ tí ẹnì kan ń pè é ní Ràkúnmí. Ó rò ó síwá, ó rò ó sẹ́yìn. Iké, ràkúnmí, olómi. Kí ló tún kù? Omi ló wà nínú iké, omi náà ló ń rìn, gáàsì wulẹ̀ wà níbẹ̀ bí iyọ̀ inú ọbẹ̀ ni. Ẹ̀yìn ọgbà onírin ni wọ́n ti ń rọ ọ́, ẹni tí kì í bá ṣe awakọ̀ Ràkúnmí kì í wọbẹ̀. Rọ́bà gígùn nìkan ló máa ń rí lókèèrè, rọ́bà gígùn náà sì ni wọ́n fi ń bomi rin òdòdó. Ta ló fẹ́ já a nírọ́? Kò sẹ́ni tó mọ̀ pé ohun tó wà lọ́kàn rẹ̀ nìyẹn.

Ó wá ń bá ìtàn rẹ̀ lọ ní káńtíìnì. Ó ní Ràkúnmí kò ní èéfín rárá, pé ohun tó ń jáde ní páìpù ẹ̀yìn rẹ̀, ìgò ni àwọn obìnrin ń gbé wá gbà á, lọ́fíńdà ni. Ó ní kì í pariwo, pé òun ní láti so àkùkọ mọ́ iwájú rẹ̀ kó máa kọ, kí àwọn tó ń sọdá títì lè mọ̀ pé ọkọ̀ ń bọ̀. Ó ní ó yá nílẹ̀ débi pé lọ́jọ́ kan òun dé ibùdókọ̀ ìkẹyìn kí òun tó kúrò ní ti àkọ́kọ́, òun rí ara òun tó ń bọ̀ lọ́ọ̀ọ́kán, àwọn méjèèjì sì juwọ́ síra wọn.

"Ẹ̀yin ènìyàn mi," ló wá ní, ó rẹ ohùn sílẹ̀, "omi ló sì ń lò. Omi tó wà nínú iké rẹ̀."

Ibẹ̀ gan-an ni wọ́n ti fẹ́ẹ́ kú. Ẹnì kan ṣubú lórí àga. Ọ̀gá gáréèjì bọ́ awò ojú rẹ̀, ó ń nu omijé. Onígáàsì, ọkùnrin tó ń rọ gáàsì sínú àwọn Ràkúnmí, lu tábìlì débi pé ike ṣúgà fò.

Ìyá Jẹ́jẹ́ nìkan ni kò rẹ́rìn-ín. Ìpéǹpéjú òsì Kòsírúmi ló tẹjú mọ́. Gbogbo gáréèjì ló mọ̀ pé bí ọkùnrin yìí bá ń parọ́, ìpéǹpéjú náà á máa jó. Ó jó nígbà tó pọn bọ́ọ̀sì, ó jó lórí àkùkọ, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ já bọ́ lórí lọ́fíńdà. Nígbà tó dórí omi, ó dúró digbí. Ìyá náà rọra gbé ife rẹ̀ sílẹ̀.

Bí wọ́n ṣe fún Kòsírúmi ní kọ́kọ́rọ́ nìyẹn. Ọ̀gá ní Ìyá Jẹ́jẹ́ ni yóò jókòó tì í gẹ́gẹ́ bí igbákejì. Kòsírúmi ti ń retí kí ìyá náà fajú ro, ṣùgbọ́n ẹ̀rín ló rín sí i. "Kò burú, àbúrò mi," ló ní. "Àá jọ gbé e jáde."

Nígbà tí Sátidé fi máa mọ́, sítáàṣì ti pọ̀ lára ẹ̀wù Kòsírúmi débi pé ẹ̀wù náà lè dá wá síbi iṣẹ́ láìsí ẹni tó wọ̀ ọ́. Wọ́n ti fọ Ràkúnmí, iké rẹ̀ ń dán, àwọn àlejò ti kún inú rẹ̀ fọ́fọ́, àwọn arúgbó tó jẹ́ pé inú rẹ̀ ni wọ́n ti pàdé ọkọ wọn, àwọn alágbàfọ̀ tó ti fẹ̀yìn tì, àwọn tí kò tiẹ̀ mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ ṣùgbọ́n tí wọ́n rí ilẹ̀kùn tó ṣí. Lórí àga iwájú pátápátá, ẹ̀gbọ́n ìyàwó rẹ̀ ti jókòó. Ó ṣe irun tuntun wá, irun náà ga, ó sì ń wo àna rẹ̀ bí ẹni tó fẹ́ fi èékánná kàn án wò. Ìyàwó jókòó tì í, ó ń wo ilẹ̀.

Kòsírúmi gun orí àga awakọ̀. Ní tòótọ́, inú rẹ̀ dùn débi pé ẹsẹ̀ rẹ̀ kò kan ilẹ̀. Àmọ́ nígbà tó wo iwájú rẹ̀, gbogbo bọ́tìnnì tó wà níbẹ̀ ni kò mọ̀. Ó fọwọ́ kan ọ̀kan, ilẹ̀kùn pa dé. Ó kan òmíràn, ilẹ̀kùn ṣí. Ó ní òun ń yẹ̀ ẹ́ wò ni. Ó sáré gba màíkì kí ẹnikẹ́ni tó bi í ní nǹkan, ó sì bẹ̀rẹ̀ ìtàn.

Ẹ ò rí nǹkan. Lọ́tẹ̀ yìí, kì í ṣe bọ́ọ̀sì kan ló pọ̀n, ó pọn ọ̀kan, ó gbé ọ̀kan sí èjìká, ó ń fẹsẹ̀ gbá ẹ̀kẹta bọ̀. Àkùkọ ti di màlúù. Bọ́ọ̀sì náà ń mì tìtì fún ẹ̀rín, àwọn arúgbó ń bẹ̀ ẹ́ pé kó jọ̀ọ́, kó ro ti ìgbáròkó àwọn. Ó yọjú wo ẹ̀gbọ́n ìyàwó rẹ̀ nínú dígí. Igun ẹnu obìnrin náà ti gbéra díẹ̀. Díẹ̀ ló kù. Kí ọkọ̀ ṣá ti yí táyà kan, ó bùṣe.

Ó yí kọ́kọ́rọ́. Ẹ́ńjìnnì dáhùn wọ́ọ́rọ́wọ́.

Ìyá Jẹ́jẹ́ tẹ̀ sí etí rẹ̀. Màíkì ṣì wà lẹ́nu Kòsírúmi, kò rántí pa á, gbogbo ọkọ̀ sì ń gbọ́ wọn kedere.

"Àbúrò mi, gééjì ti lọ sílẹ̀ o. Kí ni ká fún un?"

Kòsírúmi wo abẹ́rẹ́ tí ìyá náà fi ìka tọ́ka sí. Lóòótọ́, ó ti sùn sílẹ̀. Ọkàn rẹ̀ balẹ̀. Èyí tó mọ̀ ni wọ́n bi í.

"Ẹ bu omi sí i," ló ní. "Tútù ni kẹ́ ẹ bù o, kó má baà ba inú rẹ̀ jẹ́."

Àwọn èrò tún bú sẹ́rìn-ín. Ìyá Jẹ́jẹ́ kò rẹ́rìn-ín ní tirẹ̀. Ó ní ó dáa bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n nítorí pé òun náà ti dàgbà, kó jọ̀ọ́ kó bá òun gùnkè lọ bù ú sí i, kí àwọn àlejò lè rí bí ọ̀gá ṣe ń ṣe é. Gbogbo ọkọ̀ pàtẹ́wọ́. Ọ̀gá gáréèjì tó dúró síta rò pé ara eré ni, òun náà pàtẹ́wọ́.

Bí wọ́n ṣe gbé garawa omi fún un nìyẹn. Ó gba orí àkàbà ẹ̀yìn bọ́ọ̀sì gòkè, ó ń juwọ́ sí àwọn ènìyàn bí ọba tó ń wọ ààfin. Nígbà tó dé orí òrùlé, ó wá ẹnu iké, kò rí i. Ó kan páànù kó kó kó. Ó fọwọ́ pa á yí ká. Ó ń wá nǹkan tó ṣí, ó sì rí i níwájú, ihò kan tí wọ́n fi ìdérí bò tí ó ṣí sílẹ̀ díẹ̀. Ó mí kanlẹ̀. Ó gbé ìdérí náà sókè, ó sì da garawa omi náà sínú rẹ̀ gbuu, títí tí ẹ̀kán ìkẹyìn fi wọlé.

Ihò tí atẹ́gùn ń gbà wọ inú ọkọ̀ ni. Ó wà lókè àga iwájú pátápátá gan-an.

Ariwo tó jáde nínú bọ́ọ̀sì náà, àwọn ẹyẹ tó wà ní ìlú kejì fò. Ilẹ̀kùn ṣí. Ẹ̀gbọ́n ìyàwó sọ̀kalẹ̀. Irun tó ga ti lẹ̀ mọ́ ọn lójú, ó ń kán tó, tó, tó. Ó lọ dúró sí ìsàlẹ̀ àkàbà, ó sì gbójú sókè.

"Ta lò ń fún lómi?"

"Ràkúnmí ni, ẹ̀gbọ́n mi," ni Kòsírúmi wí láti òkè, tòótọ́tòótọ́. "Gáàsì olómi ni."

Onígáàsì tó dúró nítòsí di orí mú. Ó ní ọkùnrin yìí, olómi kì í ṣe omi, gáàsì ni wọ́n ń fún pọ̀ mọ́ inú àgbá títí tó fi máa ń ṣàn bí òróró, pé ẹ̀kán omi kan kò gbọdọ̀ sún mọ́ ọn. Ó ní ṣé ohun tó ti wà lọ́kàn rẹ̀ láti gbogbo ọdún wọ̀nyí nìyẹn? Ẹ̀rín tún ń bọ̀ lọ́fun àwọn ènìyàn, ṣùgbọ́n ọ̀gá gáréèjì wúkọ́, ẹ̀rín náà padà sínú.

"Ọjọ́ wo lẹ wa Ràkúnmí kẹ́yìn?" ni ọ̀gá bi í.

Kòsírúmi rọra gbé garawa sílẹ̀. Ó wo iwájú, ọ̀gá ni. Ó wo ẹ̀yìn, àkàbà ni, ẹ̀gbọ́n ìyàwó sì ti bọ́ bàtà kan, ó ti gbé ẹsẹ̀ lé àkàbà náà.

"Máa sọ̀kalẹ̀ bọ̀, Ẹlẹ́nu," ni obìnrin náà wí.

Kò gba ọ̀nà àkàbà. Ó jókòó sórí òrùlé, ó yọ̀ gba orí gíláàsì iwájú sọ̀kalẹ̀ ṣọ̀ọ́, ẹ̀wù oní sítáàṣì náà sì ń ké járàjárà. Bí ẹsẹ̀ rẹ̀ ṣe kanlẹ̀, ó ní kí ẹsẹ̀ náà gba òun. Eré àsápajúdé ló bẹ̀rẹ̀, ó gba ẹnu géètì jáde, eruku tó sọ lálá bo ojú oòrùn títí di ọ̀la.

Lẹ́yìn rẹ̀, Ìyá Jẹ́jẹ́ ti sún sórí àga awakọ̀. Wọ́n nu ẹ̀gbọ́n ìyàwó gbẹ, ó jókòó padà, Onígáàsì sì rọ ọkọ̀ náà kíákíá ní ẹ̀yìn ọgbà. Ràkúnmí ìkẹyìn rọra yọ jáde sí títì, kò ní èéfín, kò pariwo, ẹyin tútù kò jẹ́ mì nínú rẹ̀. Ọ̀nà kan ṣoṣo ló lọ sí ìgboro, kò sì pẹ́ tí wọ́n fi bá Kòsírúmi, tó ti ń mí hẹlẹhẹlẹ ṣùgbọ́n tí kò jẹ́ dúró. Ìyá Jẹ́jẹ́ kò yà á sílẹ̀. Ó kàn ń tẹ̀ lé e jẹ́jẹ́, pẹ̀lú ọ̀wọ̀. Gbogbo èrò yọrí lójú fèrèsé, ẹ̀gbọ́n ìyàwó ló ga jù nínú wọn, ó ń pè é ní Ẹlẹ́nu láti ilé kan dé ilé kejì, kí ó má baà sí ẹni tí kò gbọ́.

Ní ibùdókọ̀, bàbá kan tó ń dúró de ọkọ̀ rí ọkùnrin tó ń sá bọ̀ àti bọ́ọ̀sì tó ń bọ̀ lẹ́yìn rẹ̀. Ó ké sí i pé kí ló ń lé e.

"Lé kẹ̀?" ni Kòsírúmi dáhùn láìdúró, ìpéǹpéjú òsì ń jó bí nǹkan míì. "Èmi ni mò ń fà á. Okùn náà ló tínrín, ojú yín kò lè rí i."

Ó yà sí kọ̀rọ̀ tó wà lápá ọ̀tún, ó di àwátì.